Bí mo ṣe ya fídíò ẹyin ẹja òṣùmàrè títí ọmọ fi jáde

Brisbane ni mo ń gbé, ní Queensland, lórílẹ̀-èdè Australia. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń sin ẹja òṣùmàrè nínú àpótí gíláàsì. Irú tí mo ní, Melanotaenia duboulayi, onílé ni níbí: láti gúúsù ìlà-oòrùn Queensland dé àríwá New South Wales ló ti ń gbé inú àwọn odò tó ń ṣàn lọ sókun. Bí oòrùn bá kàn án, ara rẹ̀ á máa kọ mànà, àmì pupa kan sì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó wù mí kí n fi ojú mi rí bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń jáde nínú ẹyin.

Ẹja yìí kì í yé ẹyin rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan. Ojoojúmọ́ ló ń yé díẹ̀díẹ̀, ẹyin kọ̀ọ̀kan a sì ní okùn tín-ín-rín tó fi ń lẹ̀ mọ́ ewé inú omi. Kí wọ́n lè rí ibi yé ẹyin sí bí ẹni pé ewé ni, mo gé òwú híhun, mo dì í ní ṣùṣù, mo so ó mọ́ ìdérí ìgò kó lè léfòó. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi tanwíjí bọ́ wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo fi òwú náà sómi, akọ ń yí abo po, ó na gbogbo lẹbẹ rẹ̀. Wọ́n jọ wọnú òwú, wọ́n gbọ̀n pẹ́ẹ́, wọ́n jáde.

Mo wá ṣe àṣìṣe: mo fi òwú náà síbẹ̀ di ọjọ́ kẹta. Àwọn òbí ti ṣa ẹyin jẹ. Wọn kì í ṣe bí ẹpìyà tí ìyá rẹ̀ ń fi ẹnu tọ́jú ẹyin. (Àtìpó ni ẹpìyà níbí, ó sì ti ń gba odò mọ́ àwọn onílé lọ́wọ́. Ẹni tó bá fi ìwọ̀ mú un ní Queensland kò gbọdọ̀ dá a padà sómi. Kódà òkú rẹ̀, wọn kì í jù ú sódò, nítorí ẹyin ẹnu rẹ̀ lè yè lẹ́yìn ikú ìyá.)

Lẹ́ẹ̀kejì, alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni mo gbé òwú kúrò sínú abọ́ omi tó gbóná tó 25°C. Ẹyin tó bá ti bu, mo ń yọ ọ́ kí ó má ba ti ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Ìmọ́lẹ̀ ló fún mi níṣẹ́ jù. Bí mo bá tan iná láti òkè, ojú omi á di dígí. Mo wá tẹ́ aṣọ dúdú sábẹ́ àwo kékeré kan, mo fi fọ́nrán òwú kan tí ẹyin lẹ̀ mọ́ sínú àwo náà, mo tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, mo sì fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá síwájú fóònù. Ẹyin náà mọ́ gaara, kò ju orí abẹ́rẹ́ ìgúnṣọ lọ. Nígbà tó ṣe, ojú dúdú méjì yọ. Lẹ́yìn náà mo rí ọkàn tó ń lù, àti ẹ̀jẹ̀ tó ń sáré yípo.

Àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ keje, ọmọ náà fi ìrù gbá èèpo, ó sinmi, ó tún gbá a. Èèpo ya. Ọmọ ẹja náà kò tó hóró ìrẹsì, ó sì gba ojú omi lọ tààrà.

Mo fi fídíò náà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin n'Íbàdàn. Ó pè mí lójú ẹsẹ̀: “Àbúrò, ṣé ẹ̀jẹ̀ ni mo rí nínú ẹyin yẹn?”

Mo ní, “Ẹ̀jẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ tún un wò.”