Bẹ́ ẹ ṣe lè ka periodic table láì há a sórí

Ẹ̀yin ọmọ SS1 Abẹ́òkúta, ẹ má wulẹ̀ há gbogbo élímẹ́ǹtì (èròjà ìpìlẹ̀) 118 tó wà lórí periodic table, àtẹ tí wọ́n tò wọ́n sí, sórí o, ìyà lásán ni. Àpótí kan ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú, ká mú sódíọ̀mù, Na, òun náà ló wà nínú kọ́sítíìkì sódà táwọn aláàdìrẹ Ìtòkú ń dà sínú aró. Nọ́ńbà ẹ̀ ni 11, iye prótọ́ọ̀nù ẹ̀ nìyẹn, àwọn ègé kékeré tó wà láàárín átọ́ọ̀mù. Ẹ wo ìlà tó wà, ìlà kẹta láti òkè, ìyẹn ni pé ṣẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ló ní, ìyẹn ìpele táwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù (ègé kékeré tó wà yí àárín átọ́ọ̀mù ká) máa ń wà, iye wọn láti inú síta sì ni 2, 8, 1. Ẹ wá wo òpó ẹ̀, òpó 1, ẹyọ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ló wà níta, ẹyọ yẹn ló ń dá gbogbo wàhálà sílẹ̀ torí ó ń wá ẹni tó máa gbé e fún, ìdí nìyẹn tí sódíọ̀mù fi ń hó tó ń sáré káàkiri lórí omi, ẹ má fọwọ́ kàn án láéláé. Klórínì wà ní òpó 17. Láti òpó 13 lọ, ẹ yọ 10 kúrò nínú nọ́ńbà òpó, torí náà ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 7 ló wà níta klórínì (hílíọ̀mù nìkan ni ò bá òfin yìí lọ, 2 péré ló ní), ó ku ẹyọ kan kó pé 8, ó gba ti sódíọ̀mù, iyọ̀ ọbẹ̀ dé. Àwọn tó wà lópòó kan náà, ìwà wọn jọra, ohun tí Mendeleev ará Rọ́ṣíà rí nìyẹn ní 1869 tó fi fàyè sílẹ̀ fáwọn tí wọn ò tíì rí. Ó yá, ẹ ṣe ti nọ́ńbà 12 fúnra yín.