Àṣìṣe Tí Àwọn Ọ̀rẹ́ Kòríkòsùn Máa Ń Ṣe Lójú Ọ̀nà Santiago

Camino Francés ni ọ̀nà tí àwọn tó ń fẹsẹ̀ rin ìrìn-àjò mímọ́ lọ sí Santiago de Compostela mọ̀ jù lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Saint-Jean-Pied-de-Port nílẹ̀ Faransé, ó gba orí òkè Pyrenees wọ Sípéènì, ó sì tó nǹkan bí 780 kìlómítà kó tó dé ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí àwọn Kátólíìkì gbà pé sàréè Jákọ́bù Mímọ́ wà. Ìrìn bí oṣù kan ni. Ọ̀pọ̀ máa ń mú ọ̀rẹ́ dání kí ọ̀nà lè yá. Àmọ́ ẹni tí ẹ jọ ń ṣe fàájì lópin ọ̀sẹ̀, ẹ ò tíì mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tó rin 25 kìlómítà nínú òjò tí ebi sì ń pa á.

Àṣìṣe tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù ni kí ẹ fi dandan lé e pé ẹ gbọ́dọ̀ máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara yín láti òwúrọ̀ títí dé ilé ìsùn. Ẹni tó yára nínú yín á máa fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, inú á máa bí i láìsọ. Èkejì á máa mí hẹlẹhẹlẹ, orúnkún á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó parí. Ẹ dárúkọ abúlé tí ẹ ó ti jẹun ọ̀sán, kí kálukú máa lọ bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ. Kò rọrùn láti sọnù lójú ọ̀nà yìí. Elías Valiña, àlùfáà ìjọ O Cebreiro, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kun ọfà aláwọ̀ ìyeyè sójú ọ̀nà ní àwọn ọdún 1980, ọfà yìí ló sì ń tọ́ni sọ́nà títí dòní.

Lórí Meseta, ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó wà láàárín Burgos àti León, níbi tí ibòji ti ṣọ̀wọ́n, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu yín. Ẹ jẹ́ kó tán. Ẹ má ṣe máa bi ọ̀rẹ́ yín ní gbogbo ìgbà pé, "Ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?"

Àṣìṣe mìíràn wà tó fara jọ ìwà ọmọlúàbí: kéèyàn máa rọ́jú rìn lórí ẹsẹ̀ tó ń ta á, kó má baà dá ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró. Bí ibì kan bá ti ń gbóná nínú bàtà, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ gbẹ, kí ẹ lẹ pílásítà mọ́ ọn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Bí ẹ bá rọ́jú, á lé ròrò, á bẹ́, ọ̀rẹ́ tẹ́ ò fẹ́ dá dúró á sì wá jókòó tì yín fún ọjọ́ méjì. (Ẹni tó gbé bàtà tuntun wá láti ṣọ́ọ̀bù tààrà, ẹjọ́ tirẹ̀ yàtọ̀.)

Ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni ìrọ́jú yìí máa ń bẹ̀rẹ̀, torí pé láti Saint-Jean dé Roncesvalles, abúlé tó wà lódì kejì òkè ní Sípéènì, ẹ ó gùn ju 1,200 mítà lọ sókè. Wọ́n máa ń ti ọ̀nà orí òkè náà láti ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá títí di ìparí oṣù Kẹta. Ọ̀nà Valcarlos, tó gba àfonífojì, ni kí ẹ gbà nígbà náà, bó ti wù kí ọ̀rẹ́ yín láyà tó.

Ẹ má pín ẹrù bíi tọkọtaya. Bí oògùn àti ṣájà bá wà nínú báàgì ẹnì kan, tí owó wà lọ́wọ́ èkejì, ẹ ò ní lè pínyà fún wákàtí kan. Kálukú ló gbọ́dọ̀ ní credencial tirẹ̀, ìwé tí wọ́n ń lu òǹtẹ̀ sí lójú ọ̀nà, nítorí òǹtẹ̀ ọ̀rẹ́ yín kò lè gba Compostela, ìwé ẹ̀rí pé èèyàn rin ìrìn-àjò náà, fún yín.

Ọ̀rọ̀ owó kò gùn: ẹ sọ ọ́ nílé. Ilé ìsùn ìjọba ìbílẹ̀ kì í sábà gba kí èèyàn fi ààyè pa mọ́, ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ń sùn. Bí ẹnì kan bá fẹ́ òtẹ́ẹ̀lì nítorí pé èkejì ń hanrun, kì í ṣe ìyapa.

Fún ẹni tó ń ti Nàìjíríà lọ, ilé iṣẹ́ ìjọba Sípéènì ni kó ti béèrè físà Schengen, físà kan ṣoṣo tó kárí Faransé àti Sípéènì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ Faransé ló ti máa bẹ̀rẹ̀ ìrìn, torí Sípéènì ló ti máa pẹ́ jù. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń dá èèyàn lóhùn, nítorí náà ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì tí wọn kì í dá owó rẹ̀ padà kí físà ẹ̀yin méjèèjì tó jáde. Bí ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n fún ọ̀rẹ́ yín níbi iṣẹ́, ẹ má fi tipátipá mú un bẹ̀rẹ̀ láti Faransé. Kó dúró dè yín ní ìlú Sarria, ní Sípéènì. Ibẹ̀ sí Santiago lé ní 100 kìlómítà, tí ó tó láti gba Compostela.