Marúgbó Nílé, Iyán Níta

Ẹni tó bá mọ̀ mí dáadáa ní Àkúrẹ́ yìí mọ̀ pé tí wọ́n bá pè mí lórí fóònù tí mi ò gbé e, bùkà ni kí wọ́n wá mi lọ. Mo fẹ́ràn oúnjẹ, mi ò sì ní tìtorí ẹ̀ bẹ ẹnikẹ́ni. Láti Ọjà Ọba dé Alágbàká, láti Ìjàpọ̀ dé iwájú yunifásítì FUTA, mo mọ ibi tí iyán wọn kì í ní kókó, mo mọ ibi tí wọ́n bá ní ọ̀yà ni àwọn ń tà tó jẹ́ ọ̀yà lóòótọ́, mo sì mọ ibi tó jẹ́ pé ọbẹ̀ nìkan ló dáa níbẹ̀, kéèyàn má wulẹ̀ fẹnu kan òkèlè wọn. Ohun kan ló máa ń bí mi nínú ju gbogbo ẹ̀ lọ: marúgbó, ọbẹ̀ ewé àwọn Ìlàjẹ, bí wọ́n ṣe ń sè é níta.

Iyán ni tiwa ní Àkúrẹ́. Ṣùgbọ́n láti February 3, 1976 tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, tí Àkúrẹ́ sì di olú-ìlú, ni òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń rọ́ wọlé láti ibi gbogbo: ará Èkìtì kí wọ́n tó gba ìpínlẹ̀ tiwọn ní 1996, ará Ọ̀wọ̀, ará Àkókó, Ìkálẹ̀ láti Òkìtìpupa, Ìlàjẹ láti Igbókòdá àti etí òkun. Lójú tèmi, àwọn wọ̀nyí ló jẹ́ kí bùkà wa dùn tó báyìí, torí kò sẹ́ni tó ṣí kúrò nílé tó fi ọbẹ̀ ìyá ẹ̀ sílẹ̀ sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí ọmọ Àkúrẹ́ bíi tèmi fi lè mọ adùn púpurú, òkèlè ẹ̀gẹ́ wọn, àti marúgbó láì tíì wọ ọkọ̀ ojú omi rí.

Bí àwọn kan ṣe ń sè é fún wa níta ni mi ò gbà. Bùkà kan wà tí mi ò ní dárúkọ, omi ni wọ́n ń bù fún wa. Wọ́n á lọ ẹ̀fọ́ mìíràn mọ́ ewé marúgbó kó lè pọ̀, wọ́n á wá da ata bò ó mọ́lẹ̀ kí ahọ́n má baà ráyè béèrè ewé. Ọbẹ̀ dúdú ni marúgbó. Tó o bá ri òkèlè bọ̀ ọ́, ó yẹ kó bá òkèlè gòkè, kì í ṣe kó máa kán sílẹ̀ láti abọ́ dé ẹnu.

Mo ń ráhùn báyìí níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan ni ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ ọmọ Ìlàjẹ, Àǹtí ni gbogbo wa ń pè wọ́n, bá dá mi lóhùn.

“Ìwọ tó ò ń jẹun kiri ìlú yìí, ṣé ọwọ́ rẹ rọ ni? Ṣebí kó o sè é.”

“Àǹtí, tẹ́ ẹ bá lè dúró tì mí, màá sè é.”

“Lọ ra ohun ọbẹ̀ sílẹ̀ ná. Ní Sátidé, mo ń bọ̀.”

Mo tètè jí lọ sí Ọjà Ọba, ẹ̀bá ààfin Déjì, kí èrò tó kún. Púpurú ni mo kọ́kọ́ wá. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé àgbọn tó jóná ni wọ́n kó jọ. Ẹ̀gẹ́ ni o. Wọ́n á bó o, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún títí táá fi rọ̀, rírẹ yẹn ló sì ń dín oró inú ẹ̀gẹ́ kù. Wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á ṣa fọ́nrán inú ẹ̀ dànù, wọ́n á dì í sápò kí omi ẹ̀ lè ro. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á mọ ọ́n rìbìtì-rìbìtì, wọ́n á tò ó sórí àjà lókè iná kí èéfín àti ooru gbẹ ẹ́. Ibẹ̀ ló ti yàtọ̀ sí láfún, torí oòrùn ni wọ́n fi ń gbẹ láfún. Níbi tí omi yí èèyàn ká, tí òjò kì í jẹ́ kí oòrùn ráyè, ta ni yóò máa sá ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ tí yóò máa wojú ọ̀run?

Mo gbé ọ̀kan, mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọ́ ọ wò.”

Màmá wò mí lókè délẹ̀. “Ìwọ ọkùnrin yìí, ta ló rán ẹ wá?”

“Èmi ni mo rán ara mi, Mà.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gbá a, ó là sí méjì. Inú ẹ̀ funfun dáadáa, òórùn èéfín ń ti ibẹ̀ wá. Mo fi èékánná tẹ àárín ẹ̀, kò rọ̀, kò sì tutù. Èyí tí inú ẹ̀ bá ṣì tutù, ẹ má rà á, torí yóò bu lọ́wọ́ yín kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ohun mìíràn tí mo tún wò ni pé wọ́n fi ọ̀rá bo igbá wọn. Ìpínlẹ̀ wa yìí kì í gbádùn lọ́wọ́ ibà Lassa, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ló sì ń gbé e wọ oúnjẹ. Oúnjẹ tó bá ṣí sílẹ̀ gbayawu, bó ti wù kó pọ́njú mi tó, mi ò ní rà á.

Ewé marúgbó, ọ̀dọ̀ àwọn elẹ́wé ni mo ti rí i. Ewé tó máa ń fà mọ́ igi lóko ni. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní Clerodendrum volubile. Àwọn Ìlàjẹ máa ń sè é fún abiyamọ tuntun, wọ́n ní ó ń fọ inú obìnrin. Mo bi ìyá elẹ́wé bóyá èyí tó nà sí mi kò ti gbó jù. Wọ́n ní, “Ewé ò gbó, ojú ẹ ló gbó.” Mo rà á, àmọ́ mo ṣa àwọn tó rọ̀ sí apá kan kí n tó sanwó. Mo ra ẹfinrin díẹ̀, ìyèré, irú wóró, ata rodo, edé gbígbẹ àti ẹja àrọ̀ gbígbẹ tó tóbi. Ẹja yẹn ló gba owó jù lọ́wọ́ mi.

Àǹtí dé, wọ́n bọ́ gèlè, wọ́n jókòó sórí àpótí, wọn ò sì dìde mọ́. “Èmi ò wá dáná fún ẹ o. Ẹnu ni mo gbé wá.” Wọ́n rí bùléńdà tí mo gbé síta, wọ́n ní kí n gbé e padà. Ó ń lọ ewé kúná jù, wọ́n ní ọbẹ̀ ẹ̀ kì í ní ara. Ilé kejì la ti yá ọlọ.

Mo da omi gbígbóná tó níyọ̀ lé ẹja lórí, mo là á, mo yọ egungun ẹ̀yìn ẹ̀, mo sì fọ inú ẹ̀ dáadáa torí iyanrìn máa ń fara pamọ́ síbẹ̀. Mo lọ ata, mo lọ ìyèré díẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìyèré, ẹ ṣọ́ra, tó bá ti pọ̀ jù, òun nìkan lẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu. Mo béèrè nípa tòmátì, Àǹtí kàn wò mí ni, wọn ò dáhùn. Ata, irú, edé àti ẹja jọ hó nínú omi díẹ̀ títí òórùn irú fi gba gbogbo ilé. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó ní kí n da ewé tí mo lọ̀ sí i, marúgbó ló pọ̀ jù, ẹfinrin kàn tẹ̀lé e ni.

Ibi tó wù mí jù nìyí. Nígbà tí ewé kọ́kọ́ wọ ìkòkò, àwọ̀ ewé tútù ló ní, ìfófòó ewéko sì bò ó lójú. Àǹtí ò jẹ́ kí n fi ọmọrí dé e. Ó ṣe díẹ̀, etí ìkòkò bẹ̀rẹ̀ sí í dú. Dúdú náà ń rìn díẹ̀díẹ̀ wọ àárín, ìfófòó ń rọlẹ̀, títí gbogbo ẹ̀ fi dú tán, tó sì ń hó pọ̀, pọ̀, pọ̀ bí ọbẹ̀ tó ki. Ṣíbí epo pupa kan ni wọ́n gbà mí láyè láti fi sí i. Mo tọ́ ọ wò: ata ló kọ́kọ́ ta mí, irú tẹ̀lé e, ìkorò díẹ̀ wá kù lọ́nà ọ̀fun. Èyí tí wọ́n ń bù fún wa níta kì í ní ìkorò yẹn rárá.

Púpurú ò gba agbára púpọ̀. Mo ha èèpo dúdú ara ẹ̀ dànù, ilé ìdáná sì dọ̀tí gan-an, ẹ lọ ha tiyín síta. Mo gún funfun inú ẹ̀, mo sẹ́ ẹ, mo rò ó nínú omi tó ń hó bí èèyàn ṣe ń ro àmàlà, mo wọ́n omi lé e, mo dé e kó jinná, mo tún tẹ̀ ẹ́ pọ̀.

Mo pe ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Èkìtì. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti ń sọ pé, “Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, èwo lẹ wá ń pe eléyìí?” Àǹtí ní kó fọwọ́. Nígbà tó jẹun tán, a ò gbọ́ ọ̀rọ̀ iyán lẹ́nu ẹ̀ mọ́, ìdí ìkòkò ló ń wò.

Ẹ má sọ pé mo tàn yín: owó tí mo ná lọ́jọ́ náà ju owó àwo tí mo máa ń jẹ níta lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n àwa mẹ́ta yó, ìdajì ìkòkò ṣì kù, ẹja inú ẹ̀ sì ṣeé fojú rí. Mi ò ní ra marúgbó níta mọ́.

Tó bá wá kan iyán, ẹ má pè mí. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mò ń gbé, lánlọ́ọ̀dù mi ò sì ní gbọ́ gbì-gbì odó lẹ́ẹ̀kejì kó má kó ẹrù mi síta. Yàtọ̀ sí ìyẹn, iyán kì í ṣe iṣẹ́ ẹni kan ṣoṣo. Isu gbọ́dọ̀ gbóná kó tó wọnú odó. Tó bá ti tutù, kókó dé nìyẹn. Níta, ìkòkò isu kì í kúrò lórí iná, ọmọ odó kì í sinmi, èyí tí wọ́n bá sì gbé síwájú ẹ kò tíì pẹ́ tó kúrò lódó. Ìyá oníyán mọ isu pẹ̀lú. Wọn ò ní gún isu tuntun tó kún fún omi fún oníbàárà nígbà tí isu àtijọ́ bá ṣì wà lọ́jà, torí tuntun kì í fà. Èmi, mo lè ra isu kí n kó àṣejù omi wálé. Ti póńdò, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí Sátidé mìíràn dé, mo yọ marúgbó tó kù nínú fíríjì, mo gbé e kaná, mo rọ ọ́ sínú fúláàsì, mo sì gbọ̀nà bùkà oníyán mi lọ. Mo ní kí wọ́n bu iyán nìkan fún mi.

Màmá wo fúláàsì, wọ́n wò mí. “Ṣé o ti gbéyàwó ni?”

“Rárá o, Mà. Èmi ni mo sè é.”

Wọ́n ní kí n ṣí i. Wọ́n kán díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n tún kán òmíràn. “Ọmọ Ìlàjẹ ló kọ́ ẹ, má purọ́ fún mi.” Wọ́n ní àwọn ò ní gbowó ìjókòó lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n àwọn kì í ta iyán lásán, kí n ra ẹran méjì. Mo ra ọ̀yà mẹ́rin.