Kọ̀ǹpútà ní ààyè ti tán: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè kan náà ni mo ń dáhùn ṣáá, ẹnu tó ń bi í ló kàn ń yàtọ̀. Mo wá kó wọn jọ síbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó náwó lórí háádì dísìkì tuntun, torí ọ̀pọ̀ tó ń sáré ra ààyè ni kò nílò rẹ̀, àwọn tó sì nílò rẹ̀ gan-an ló ń ra èyí tó kéré jù.

Ìbéèrè: Kọ̀ǹpútà mi ní ààyè ti tán. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ da ohun inú Recycle Bin nù. Ẹ yẹ fódà Downloads wò. Ẹ yọ géèmù tí ẹ kì í gbá mọ́ kúrò. Ohun tí ẹ pa rẹ́ tó ṣì wà nínú Recycle Bin kò tíì kúrò lórí dísìkì rárá.

Ìbéèrè: RAM mi tó 16GB, kí ló dé tí kò gba fídíò mi?

RAM kì í tọ́jú fídíò. Ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Tí ẹ bá ti pa á, ohun tó wà níbẹ̀ ti lọ nìyẹn. Inú háádì dísìkì tàbí SSD, irú dísìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú, ni fáìlì ń gbé. Bí ẹ bá ra RAM kún RAM, ààyè fáìlì kò ní pọ̀ sí i.

Ìbéèrè: 1TB ni mo rà, 931GB ni Windows ń fi hàn mí. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni?

Wọn kò rẹ́ yín jẹ. Àwọn tó ń ṣe dísìkì ka 1TB sí 1,000GB, wọ́n sì ka 1GB sí báìtì 1,000,000,000. Windows ń ka 1,024 lọ́nà 1,024 lọ́nà 1,024, ìyẹn 1,073,741,824, ó sì ń pe ìyẹn náà ní GB. Báìtì kankan kò sọnù, òṣùwọ̀n ló yàtọ̀. Ìdí nìyẹn tí 500GB fi ń di 465, tí 256GB sì ń di 238. Láti 2009 ni Mac ti ń ka tirẹ̀ bíi ti àwọn tó ń ṣe dísìkì, nítorí náà 1TB ni dísìkì kan náà yóò jẹ́ lórí rẹ̀. Ní ìparí 1998 ni IEC, àjọ àgbáyé tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún ohun abánáṣiṣẹ́, ti ya orúkọ sọ́tọ̀ fún òṣùwọ̀n tí Windows ń lò yìí, wọ́n pè é ní GiB. Ká ní Windows gbà á lò ni, ìbéèrè yìí ì bá ti tán nílẹ̀.

Ìbéèrè: GB mélòó ló tó mi?

Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ ń kó pamọ́. Fọ́tò fóònù kan sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi 3MB, nítorí náà ẹgbẹ̀rún kan fọ́tò kò ju bíi 3GB lọ. Ìwé tí ẹ tẹ̀ kò tó nǹkan. Fídíò ló ń jẹ ààyè: ìṣẹ́jú kan fídíò 4K lè gba nǹkan bíi 350MB, wákàtí kan á wá sún mọ́ 21GB. Géèmù ńlá kan ṣoṣo lè kọjá 100GB. Windows 11 ní ó kéré tán kí dísìkì jẹ́ 64GB, àmọ́ ẹni tó bá ra 64GB yóò máa pa nǹkan rẹ́ ní gbogbo ìgbà tí Windows bá fẹ́ sọ ara rẹ̀ dọ̀tun. Ní tèmi: 256GB fún ẹni tó ń kọ̀wé tó sì ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, 512GB fún ẹni tó ń kó fọ́tò ìdílé sí i, 1TB sókè fún ẹni tó ń gé fídíò. Kí ẹ fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún sílẹ̀ lófìfo, torí SSD tó bá kún dẹ́nu máa ń falẹ̀.

Ìbéèrè: Mo ro gbogbo fódà mi pọ̀, kò ju 90GB lọ. Windows ní mo ti lo 200GB.

Windows náà ní ẹrù tirẹ̀. Inú hiberfil.sys ló ń da ohun inú RAM sí bí ẹ bá fi kọ̀ǹpútà sí hibernate, ìyẹn oorun tí kì í jẹ iná. pagefile.sys ń ran RAM lọ́wọ́. Àwọn restore point, ìyẹn ẹ̀dà ètò tí Windows ń tọ́jú kó lè padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, wà nínú fódà System Volume Information, tí kì í jẹ́ kí ẹ wọ̀. Bí Windows bá ti gba ẹ̀yà tuntun, Windows.old, fódà tí ẹ̀yà àtijọ́ wà, máa ń wà fún nǹkan bí ọjọ́ 10. Ẹ ṣí WinDirStat, ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń fi ohun tó ń jẹ ààyè hàn, gẹ́gẹ́ bí administrator, ẹ ó rí wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ lo Disk Cleanup, kí ẹ sì tẹ Clean up system files. Ṣùgbọ́n mo bẹ yín, ẹ má fi ọwọ́ ara yín pa nǹkan rẹ́ nínú fódà Windows.

Ìbéèrè: Fláàṣì mi ṣì ní 20GB lófìfo, ó kọ fídíò 5GB.

FAT32 ni, ìlànà àtijọ́ kan tí fláàṣì fi ń to fáìlì. Kì í gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá tó 4GB. Ẹ kó ohun inú rẹ̀ kúrò ná, kí ẹ wá fọ́máàtì rẹ̀ sí exFAT.

Ìbéèrè: Fláàṣì 2TB ni mo rà. Fídíò wọ inú rẹ̀, orúkọ wọn ń hàn, wọn ò ṣí.

Èyí ló fún mi níṣẹ́ jù. Ẹnì kan gbé irú rẹ̀ wá bá mi, fídíò ìgbéyàwó ló kó sínú rẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ wọlé ń ṣí dáadáa. Àwọn tó tẹ̀lé wọn, orúkọ wà, ìwọ̀n wà, wọn ò ṣí. Mo yí ihò USB padà, mo gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, mo wá fáírọ́ọ̀sì títí, pàbó ni. Mo ṣe CHKDSK, ètò Windows tó ń yẹ dísìkì wò, ó ní kò sí àbùkù. Mo kó èyí tó ṣí kúrò, mo fọ́máàtì rẹ̀, ó jáde ní 2TB bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Mo tún kó nǹkan sí i. Gbogbo ohun tó bá ti kọjá nǹkan bíi 30GB ló ń bàjẹ́, ti ìṣáájú ò ní nǹkan kan. Ibẹ̀ ni mo ti fura.

Mo gbé H2testw lé e, ètò ọ̀fẹ́ kan tó máa ń kọ nǹkan sórí fláàṣì, tí á sì kà á padà láti mọ̀ bóyá ohun tó kọ gan-an ló wà níbẹ̀. Mi ò ní kó kọ 2TB, ìyẹn ì bá gbà á lọ́jọ́ púpọ̀. Mo ní kó kọ 100GB. Ààyè tó jẹ́ òótọ́ nínú fláàṣì náà kò pé 32GB. Ṣíìpù kékeré kan wà nínú fláàṣì tó ń sọ iye ààyè tó wà fún kọ̀ǹpútà, àwọn oníjìbìtì ti yí ohun tó ń sọ padà. Windows gbà á gbọ́, torí kò ní ọ̀nà mìíràn láti mọ̀. Orúkọ fáìlì ń hàn nítorí pé ìbẹ̀rẹ̀, níbi tó jẹ́ òótọ́, ni àkójọ orúkọ wà. Òmíràn tún burú jù báyìí lọ: bó bá dé òpin, á padà sí ìbẹ̀rẹ̀, á máa kọ tuntun lórí ti àtijọ́.

Ẹ dán fláàṣì wò lọ́jọ́ tí ẹ rà á, kí ohunkóhun tó wọ inú rẹ̀. H2testw wà fún Windows, F3 wà fún Linux àti Mac. Èyí tí owó rẹ̀ bá wálẹ̀ ju ti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Ìbéèrè: Ṣé onímọ̀ lè bá mi gba àwọn fídíò náà padà?

Èyí tó kọjá ààyè tó jẹ́ òótọ́, rárá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbowó lọ́wọ́ yín lórí ẹ̀. Háádì dísìkì tó ń dún kà, kà, kà ló yẹ kí ẹ gbé lọ bá onímọ̀, kíákíá. Ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, kí ẹ má sì fi áàpù kankan wá fáìlì nínú rẹ̀. Bó bá ṣe ń yí, orí tó ń ka ohun inú rẹ̀ lè máa ha ojú dísìkì, ibi tó bá sì ti ha, kò sẹ́ni tó lè dá ohun tó wà níbẹ̀ padà.