Àwòrán Kò Jáde? Àwọn Àṣìṣe Ojú Ọ̀nà Fáìlì Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú CSS

Bí ẹ bá ń fi CSS, èdè tí a fi ń ṣe ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì lọ́ṣọ̀ọ́, kọ background-image (àṣẹ tó ń fi àwòrán sẹ́yìn), tí àwòrán kò jáde, browser tí a fi ń wo ojú ewé kì í kọ ìkìlọ̀ kankan síbẹ̀. Ibi tó yẹ kí àwòrán wà á kàn ṣófo ni. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí á wá máa yí background-size àti background-position kiri títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ojú ọ̀nà fáìlì, ìyẹn ibi tí ẹ sọ fún browser pé àwòrán wà, ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Èyí tó ń dààmú èèyàn jù rèé: ẹ má ṣe ka ọ̀nà tí ẹ kọ sínú CSS láti ibi tí HTML, fáìlì ojú ewé yín gan-an, wà; láti ibi tí fáìlì CSS wà ni kí ẹ ti kà á. Ká ní iṣẹ́ yín rí báyìí:

index.html
css/style.css
images/oja.jpg

Nínú index.html, src="images/oja.jpg" tọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ url("images/oja.jpg") sínú style.css, inú fódà css ni browser á ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Á wá css/images/oja.jpg tì. Ohun tó yẹ ni url("../images/oja.jpg"). Àmì ìdánudúró méjì yẹn ń sọ fún un pé kó kọ́kọ́ jáde kúrò nínú fódà css. Ọjọ́ tí èyí máa ń ká èèyàn mọ́ ni ọjọ́ tó bá kó CSS tó wà láàárín àmì <style> nínú HTML lọ sínú fáìlì tirẹ̀: kóòdù kò yí padà, àmọ́ àwòrán ti pòórá.

Ẹ má ṣe lẹ C:\Users\ mọ́ ọ̀nà rárá. Kọ̀ǹpútà yín nìkan ló mọ ibẹ̀, àmì \ sì ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe nínú CSS.

Ẹ ṣọ́ra fún lẹ́tà ńlá àti kékeré. Oja.JPG àti oja.jpg kò yàtọ̀ lójú Windows, ṣùgbọ́n lórí server (kọ̀ǹpútà tó ń gbé ojú ewé yín sórí íntánẹ́ẹ̀tì) tó ń lo Linux, fáìlì méjì ni wọ́n. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ fi ń dára nílé, tó sì ń bàjẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Mo fẹ́ràn kí á máa fàmì sórí Yorùbá wa dáadáa, síbẹ̀ ẹ má fi àmì ohùn sí orúkọ fáìlì. Kọ̀ǹpútà lè tọ́jú à gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo, ó sì lè tọ́jú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a tí wọ́n gbé àmì lé lórí. Lójú tiwa, ọ̀kan náà ni; lójú server, orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹ pe fáìlì ní oja-dugbe.jpg, láìsí àlàfo, kí ẹ wá kọ Yorùbá tó péye sínú alt, ọ̀rọ̀ tó ń ṣàpèjúwe àwòrán nínú HTML: alt="Ọjà Dùgbẹ̀".

Bí ẹ bá ń lo GitHub Pages, iṣẹ́ GitHub tó ń gbé ojú ewé yín sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má fi / bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà iṣẹ́ tó wà lábẹ́ orúkọ yín. /images á fo orúkọ iṣẹ́ náà dá, á lọ wá àwòrán ní ìta.

Láti mọ èyí tó jẹ́ tiyín, ẹ tẹ F12, ẹ lọ sí Network, kí ẹ tún ojú ewé ṣí. Bí ẹ bá rí 404, tó túmọ̀ sí pé fáìlì kò sí níbi tí browser wá a, ẹ tẹ orúkọ fáìlì náà, ẹ ka Request URL lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi wé ibi tí fáìlì wà gan-an. Bó bá jẹ́ 200 lẹ rí, ìyẹn ni pé browser rí fáìlì náà, ọ̀nà yín tọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé div yín, àpótí inú HTML tí ẹ fi àwòrán sẹ́yìn rẹ̀, ṣófo, tí kò sì ní gíga kankan. Ẹ fún un ní min-height: 300px.