Bí a ṣe ń so ẹ̀rọ ìṣọ́ ìlera mọ́ ara àgbàlagbà tó wà nílé

Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú ló ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, tí ìyá wọn sì wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Àgọ́-Ìwòyè. Ẹ̀rọ tí à ń wọ̀ mọ́ ara lè máa fi bí ọkàn Màmá ṣe ń lù ránṣẹ́ láìsí wáyà sórí fóònù tó wà lọ́dọ̀ wọn, kí fóònù náà sì fi ránṣẹ́ sí yín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò dìde bí ìkìlọ̀ bá dé. Ẹni tó wà l'Ékòó á kàn rí nọ́ńbà ni. Aládùúgbò ni yóò gbé Màmá dé ọsibítù.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi dókítà wọn léèrè ohun tó yẹ kí ẹ máa ṣọ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ ra ẹ̀rọ tí à ń wé mọ́ apá, tó ní Bluetooth, ìyẹn ìgbì tó ń so ẹ̀rọ mọ́ fóònù tó wà nítòsí láìsí wáyà. Aago ọwọ́ dára fún lílù ọkàn, àmọ́ iná aláwọ̀ ewé abẹ́ rẹ̀ ló fi ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń kọjá lábẹ́ awọ. Ẹ wo ìyá tó ń yan gààrí: ọwọ́ rẹ̀ ò dúró lórí agbada, òógùn ń ṣàn, aago ń yọ̀ lọ́rùn ọwọ́. Nọ́ńbà ìgbà yẹn kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ dúró dìgbà tí wọ́n bá jókòó sinmi, tàbí kí ẹ ra bẹ́líìtì àyà, tó ń gbọ́ iná mànàmáná inú ọkàn fúnra rẹ̀.

Síso ẹ̀rọ pọ̀ mọ́ fóònù Màmá ò le: ẹ tan Bluetooth, ẹ ṣí áàpù rẹ̀, ẹ tẹ̀ lé ohun tó bá sọ. Ibi tí ẹ máa gbé fóònù sí ló gba ọgbọ́n. Omi pọ̀ nínú ara wa, omi sì máa ń gbé ìgbì Bluetooth mì. Bí aago bá wà lọ́wọ́ òsì, tí fóònù wà ní àpò ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, ara Màmá gan-an ló dínà. Ẹ fi méjèèjì sí apá kan náà.

Bí ẹ bá fẹ́ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n fẹ̀yìn ti àga fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, kí apá wà lórí tábìlì lọ́gangan ọkàn. Ẹ ká apá bùbá kúrò. Kí ẹnikẹ́ni má bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá ń wá ní 135/85 (135 ni nọ́ńbà òkè, 85 ni ti ìsàlẹ̀) tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ léraléra, ẹ pe dókítà. Bó bá ju 180/120, tí àyà ń dùn wọ́n tàbí tí ẹnu wọ́, ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Ti ẹ̀rọ tí à ń há mọ́ ìka láti wo ọ́síjìn, ẹ nu ọ̀dà èékánná kúrò. Lára aláwọ̀ dúdú, ó lè ka ọ́síjìn ju bó ṣe wà lọ. Bí Màmá bá ń mí gúlegúle tí ẹ̀rọ sì ní 96, bíi pé ọ́síjìn wọn dára, Màmá ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ẹ fi pàwà báǹkì sílẹ̀ nítorí iná tó ń lọ. Kí ẹ tó padà, ẹ ní kí wọ́n wọ ilé ìdáná, kí wọ́n dé ẹ̀yìnkùlé, kí ẹ máa wo áàpù. Ibi tí ìsopọ̀ bá ti já, ẹ gbé fóònù sún mọ́ ibẹ̀.