Àṣìṣe tó ń jẹ́ kí àgbọ̀nrín gbé ọta sá lọ

Nínú àwọn àgbọ̀nrín tí ọdẹ yìnbọn fún tí kò sì rí mọ́, díẹ̀ ni ìbọn jẹ̀bi rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ọta tí kò yẹ ni ọdẹ kì sínú ìbọn, tàbí ibi tí kò yẹ ló fojú sùn lára ẹran. Ẹran tó bá gbé ọta wọ igbó lè jẹ̀rora fún ọjọ́ púpọ̀ kó tó kú, ẹnikẹ́ni ò sì ní jẹ ẹran rẹ̀. Gbèsè tí ọdẹ jẹ ẹran ni pé kí ikú rẹ̀ yá. Àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ kà sílẹ̀ yìí, ọdẹ tuntun ń ṣe wọ́n, àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà pàápàá ń ṣe wọ́n.

Ẹ má rò pé ọta kan ò yàtọ̀ sí èkejì

Èyí ló burú jù lójú tèmi. Ọdẹ á ní ti .308 (orúkọ oríṣi kátíríìjì kan, ìyẹn ọta pẹ̀lú ẹ̀tù àti kóróbó rẹ̀) lòun fẹ́, á sì mú páálí tó bá kọ́kọ́ kàn án lọ́wọ́. Ọta méjì lè sanra bákan náà, kí wọ́n wúwo bákan náà, síbẹ̀ kí ohun tí wọ́n máa ṣe nínú ara ẹran yàtọ̀ pátápátá.

Ọta tí bàbà bò ní imú, irú èyí tí àwọn ológun ń lò, kì í fẹ̀ bó bá wọ ara. Ṣe ló máa gún ẹran kọjá. Ihò tó máa dá á rí tín-ín-rín, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni yóò máa kán sílẹ̀, ẹran á sì ti rìn jìnnà kó tó rẹ̀ ẹ́. Ìdí rèé tí òfin England àti Wales fi ní ọta tí wọ́n ṣe láti fẹ̀ ni kí a fi pa àgbọ̀nrín, tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà sì ka ọta ológun léèwọ̀ fún ẹran yìí. Bí ẹ bá rí FMJ (full metal jacket, orúkọ ọta ológun yìí) lára páálí, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìdánrawò lórí bébà.

Òdìkejì rẹ̀ náà léwu. Ọta wà tí wọ́n ṣe fún àwọn ẹran kéékèèké tó ń ba oko jẹ́. Awọ bàbà tó wà lára rẹ̀ fẹ́lẹ́, eré rẹ̀ sì pọ̀. Bó bá kan eegun èjìká àgbọ̀nrín, ojú ibẹ̀ náà ló máa fọ́ sí wẹ́wẹ́, kò ní dé inú àyà. Ọgbẹ́ náà á tóbi lóde, á bani lẹ́rù láti wò, ṣùgbọ́n kò ní pa ẹran.

Èyí tí à ń wá wà láàárín àwọn méjì yìí: kí imú ọta fẹ̀ bí orí olú bó bá wọ ara, kí ìdí rẹ̀ sì wúwo tó láti máa tẹ̀ síwájú títí yóò fi jáde lódìkejì. Ní ọdún 1946, ọdẹ kan tó ń jẹ́ John Nosler ń dọdẹ moose, ẹran ńlá kan nínú ẹbí àgbọ̀nrín, ní British Columbia ní Kánádà, ọta rẹ̀ kò sì ráyè wọlé dáadáa lára ẹran ńlá náà. Ohun tó bá a dé ilé ni ó jẹ́ kó ṣe ọta tó ní ògiri bàbà láàárín: òjé tó wà níwájú ògiri á fẹ̀, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á dúró gbọn-in, á máa ti iwájú lọ. Ọta Partition nìyẹn, wọ́n ṣì ń tà á títí dòní. Lónìí, àwọn kan fi òjé lẹ bàbà pinpin kó má bàa ṣí kúrò, àwọn kan fi ike ṣóńṣó sí imú ọta. Gbogbo wọn, ìbéèrè Nosler náà ni wọ́n ń dáhùn: báwo ni ọta ṣe máa fẹ̀ láìfọ́?

Ọta bàbà tí kò ní òjé rárá ti wọ́pọ̀ báyìí. Ní California, láti ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2019, ọta tí kò ní òjé nìkan ni òfin gbà kí a fi dọdẹ. Àṣìṣe tí àwọn tó ń bọ́ sórí rẹ̀ ń ṣe ni pé ìwọ̀n tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ni wọ́n tún ń rà. Bàbà fúyẹ́ ju òjé lọ, nítorí náà ọta bàbà tó bá wọn iye kan náà gbọ́dọ̀ gùn jù ú, ìlà wíwọ́ inú ọ̀pá ìbọn sì lè má yí i kíkankíkan tó láti mú un dúró ṣinṣin lójú afẹ́fẹ́. Ẹni tó ń yin 165 grain (grain ni òṣùwọ̀n bí ọta ṣe wúwo tó: 7,000 rẹ̀ ló wà nínú pọ́n-ùn kan, 150 grain kò pé gíráàmù 10) olójé nínú .308 lè bọ́ sí 150 tàbí 130 tó jẹ́ bàbà láìsí ẹ̀rù. Ohun mìíràn ni pé bàbà le, eré ló sì ń mú un fẹ̀. Bí ọ̀nà bá jìn tí eré ọta ti dínkù, kò ní fẹ̀ mọ́, á wá dà bíi ti ológun. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é sábà máa ń sọ eré tó kéré jù tó nílò. Ẹ kà á kí ẹ tó mọ ibi tí ẹ ó dá ọ̀nà jíjìn yín dúró sí.

Fún ẹni tó ṣì ń lo olójé, ìmọ̀ràn kan rèé tó kan ìkòkò ọbẹ̀: òjé wẹ́wẹ́ tí ojú ò rí máa ń fọ́n kúrò lójú ọgbẹ́ wọ inú ẹran. Ẹ gé àyíká ọgbẹ́ náà dànù dáadáa, ẹ má ṣahun rẹ̀, pàápàá bí ọmọdé tàbí aboyún bá máa jẹ níbẹ̀.

Ìbọn tó kéré, ìbọn tó pọ̀ jù

Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Jámánì ní kí ọta fún àgbọ̀nrín ńlá má kéré sí mílímítà 6.5, kí agbára rẹ̀ sì tó 2,000 joule (òṣùwọ̀n agbára) ní 100 mítà. Fún àgbọ̀nrín kékeré tí wọ́n ń pè ní roe, 1,000 joule tó. Ẹ wá òfin ibi tí ẹ ti ń dọdẹ kí ẹ tó náwó.

Nínú òfin, àṣàyàn kátíríìjì pọ̀. .243 Winchester pẹ̀lú 95 sí 100 grain, .270 pẹ̀lú 130, 6.5 Creedmoor pẹ̀lú bí 140, .308 àti .30-06 pẹ̀lú 150 sí 165, gbogbo wọn ti pa àgbọ̀nrín láìmọye. Mi ò rí ìdí tí ọdẹ àgbọ̀nrín fi máa gbé magnum ńlá (ìbọn tí ẹ̀tù kátíríìjì rẹ̀ pọ̀ gan-an) tó ń gbá èjìká rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹni tí ìbọn rẹ̀ ń dùn ún á máa di ojú, á máa fa èjìká sẹ́yìn kí ìbọn tó dún, ọta rẹ̀ á sì máa ṣìnà. .243 tó wọ fùkù sàn ju magnum tó wọ ìfun lọ, kò sì sí agbára tó lè yí ìyẹn padà.

Kátíríìjì tí kì í ṣe ti ìbọn yín

Kúkúrú ni mo máa sọ èyí, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ló wà níbẹ̀. Ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára ọ̀pá ìbọn, ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí ìdí kátíríìjì, kí méjèèjì bára mu láìku ohun kan. Kátíríìjì .300 Blackout lè wọ inú ìbọn .223, kí ilẹ̀kùn ìbọn sì tì mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ọta rẹ̀ sanra ju ọ̀pá náà lọ. Bí a bá yìn ín, ìbọn á fọ́ mọ́ni lójú. Ẹ má kó oríṣi méjì sínú àpò kan. Bí ẹ bá yìnbọn tó dún pọ́ọ̀ bí ẹni pé ẹ̀tù ò jó tán, ẹ dúró, ẹ tú ọta kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ wo inú ọ̀pá bóyá ọta há síbẹ̀, kí ẹ tó ki òmíràn.

Pípààrọ̀ ọta láìtún awò tò

Awò, ìyẹn gíláàsì orí ìbọn tí a fi ń fojú sùn, tó bá páálí kan mu lè má bá òmíràn mu, kódà bí ilé-iṣẹ́ kan náà bá ló ṣe é. Ní 100 mítà, ọta tuntun lè fi ìǹṣì méjì tàbí mẹ́ta yẹ̀ sókè tàbí sí ẹ̀gbẹ́. Ọdẹ tó ra ọta olówó gọbọi ní àṣálẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la, tó gbé e wọ igbó láìdán an wò, ó ti fi owó ra ìṣìnà.

Ẹ mọ bí ọta yín ṣe ń wálẹ̀ pẹ̀lú. .308 tó wọn 150 grain, tí awò rẹ̀ bá a mu ní 100 yáàdì, á ti wálẹ̀ bí ìǹṣì mẹ́rin ní 200, á sì ti ju ìǹṣì méjìlá lọ ní 300. Kí ẹ sì dán an wò bí ẹ ṣe máa yìn ín nínú igbó: lórí ìkúnlẹ̀, lórí àga tí a so mọ́ igi, pẹ̀lú mímí tó ń já. Orí tábìlì nìkan ò tó.

Ibi tí ojú ń wò

Ojú ènìyàn máa ń lọ sí àárín ara ẹran. Ibẹ̀ gan-an ni kò yẹ, nítorí àpòlúkù àti ìfun ló wà níbẹ̀. Ọkàn àgbọ̀nrín wà nísàlẹ̀ àyà láàárín ẹsẹ̀ iwájú, ó lọ sílẹ̀ ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Fùkù ló wà lókè rẹ̀. Bí ẹran bá dúró kó ẹ̀gbẹ́ sí yín, ẹ fojú tọ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ gòkè, kí ẹ dúró láàárín ìdá kan nínú mẹ́ta àti ìdajì gíga ara. Ọta tó gba ibẹ̀ á la fùkù méjèèjì. Lára àgbà whitetail (àgbọ̀nrín onírù funfun ti Amẹ́ríkà), ibi tí ẹ lè bà tí ikú rẹ̀ á yá fẹ̀ tó ìǹṣì mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Bí ọta yín ò bá lè dúró sínú ìwọ̀n yẹn láti ibi tí ẹ wà, ẹ sún mọ́ ọn, tàbí kí ẹ jẹ́ kó lọ.

Àṣìṣe yíyìn sókè jù ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, torí ó ń tan ọdẹ jẹ. Ní òkè èjìká, ọ̀pá ẹ̀yìn àgbọ̀nrín kò sí lẹ́bàá awọ. Ó tẹ̀ wá sísàlẹ̀, àwọn eegun gígùn ló dúró lórí rẹ̀ tó gbé ẹ̀yìn sókè. Ọta tó bá kọjá láàárín àwọn eegun yìí máa mi ọ̀pá ẹ̀yìn jìgìjìgì, ẹran á ṣubú lulẹ̀ gbì, kò ní mira. Ọdẹ á dìde, á máa yọ̀. Kò pẹ́, ẹran náà á gbé orí sókè, á dìde, á sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nítorí náà, bí ẹran bá ṣubú lójú ẹsẹ̀, ẹ tún ìbọn kì kíákíá, kí ẹ má mú ojú kúrò nínú awò fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ yé yìnbọn sí orí ẹran. Ọpọlọ kéré, orí kì í sì í dúró sójú kan. Bí ọta bá ṣì díẹ̀, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ni yóò fọ́, ẹran á sá lọ, kò ní lè jẹun mọ́, ebi ni yóò pa á. Ọrùn náà ò yàtọ̀ púpọ̀ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò dá ṣáká.

Bí ẹran bá kọ ẹ̀yìn sí yín díẹ̀, ẹ má ro ibi tí ọta máa wọ̀, ibi tó máa jáde ni kí ẹ rò: ẹsẹ̀ iwájú tó wà lódìkejì. Ọta lè wọlé láàárín egungun ìhà, kó sì la àyà kọjá. Bó bá kọ ojú sí yín díẹ̀, ẹ ní sùúrù kó yí padà. Bó bá kọ ìdí sí yín, ẹ má yìn ín rárá. Ẹni tó wà lórí igi gbọ́dọ̀ ro ìdàgẹ̀rẹ̀ ọta pẹ̀lú, nítorí láti òkè pátápátá, fùkù kan ṣoṣo ni ọta lè bà, àgbọ̀nrín tó sì ní fùkù kan ṣì lè rìn jìnnà gan-an.

Kò sí ọta tó ń la ẹ̀ka igi kọjá láìyà. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹran: àgbọ̀nrín mìíràn lè wà níbẹ̀. Ẹran tó dúró lórí òkè tí ojú ọ̀run nìkan wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ọta ìbọn yìí lè rìn ju kìlómítà mẹ́ta lọ.

Sísáré tọ ẹ̀jẹ̀

Bí ìbọn bá ti dún, ẹ wo bí ẹran ṣe ṣe. Èyí tó fò sókè tó sì sáré pẹ̀lú ara nílẹ̀ ti gba á sí ọkàn tàbí fùkù. Èyí tó ká ẹ̀yìn kò, tó ń rìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lọ, inú ló ti gbà á. Ẹ sàmì sí ibi tó dúró, ẹ lọ wo ilẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ osùn tó ń hó, fùkù ni. Èyí tó pupa dúdú, ẹ̀dọ̀ ni. Bí omi aláwọ̀ ewé àti òórùn ìgbẹ́ bá wà níbẹ̀, ẹ má gbé ẹsẹ̀ kan síwájú.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Fún fùkù, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó. Fún ẹ̀dọ̀, wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin. Fún inú, wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ojú ọjọ́ bá tutù. Àgbọ̀nrín tí ọta bà ní inú sábà máa ń dùbúlẹ̀ nítòsí bí ẹnikẹ́ni ò bá lé e. Bí ẹ bá jí i dìde, ó lè máà sí ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ó tọ̀ mọ́, torí ìfun ti dí ojú ihò.

Ẹ máa rìn ní ẹ̀gbẹ́ ipa ẹ̀jẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bó bá dá, ẹ so nǹkan pupa mọ́ ibi tí ẹ ti rí èyí tó gbẹ̀yìn, kí ẹ máa yí i po ní òbìrípo tó ń fẹ̀ síi, kí ẹ sì wo abẹ́ ewé àti ìdí igi pẹ̀lú. Bí òfin bá gba ajá tó mọ ẹ̀jẹ̀ tọ̀, ẹ pe ẹni tó ni ín kí ẹsẹ̀ ènìyàn púpọ̀ tó ba òórùn ibẹ̀ jẹ́.